Abọ́ Tí Mo Jẹ Tán ní Efire

Ewùrà kẹta ni mò ń bẹ lọ́wọ́ kí ẹni tó ni iṣu, tó sì ni ọ̀bẹ, tó rántí bi mí ní orúkọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ̀yin gan-an?"

"Nọ́fíù ni mò ń jẹ́. Ẹ sún abọ́ yẹn mọ́ mi."

Ó sún un mọ́ mi. Àwọn oníbàárà mẹ́rin tó jókòó lórí bẹ́ńṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, apẹja tí ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù, ní, "Péjú, ìgbà wo lo gba kúùkù ọkùnrin?"

"N ò gbà á o," ni ó dáhùn. "Ó kàn wọlé ni, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti jókòó jẹ́ẹ́ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ibiade fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń wò ó bó ṣe ń bẹ iṣu. Èèpo tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nípọn bí ìka mi. Ìdá kan nínú mẹ́rin iṣu náà ló ń bá èèpo lọ sínú garawa. N kò lè wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n sì jókòó. Mo dìde, mo fọ ọwọ́, mo gba ọ̀bẹ.

"Ẹ wò ó," ni mo wí, "báyìí ni wọ́n ń bẹ iṣu. Èyí tí ẹ̀ ń dà nù yẹn tó oúnjẹ ẹni méjì."

Ó wo èèpo mi tó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ó wo ojú mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà! Ta ló sọ fún yín pé mò ń dà á nù? Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo ní lẹ́yìn ilé. Tí mo bá bẹ ẹ́ bíi tiyín, ẹ̀yin lẹ máa lọ ṣàlàyé fún wọn nírọ̀lẹ́."

Àwọn oníbàárà náà fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo bẹ ẹ̀kẹta tán kí n tó padà sórí bẹ́ńṣì.

Bí mo ṣe pàdé Adépéjú nìyẹn.

Iṣẹ́ oúnjẹ ni iṣẹ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń tà, nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. N kò jókòó sí kíláàsì alásè kankan rí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ló ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógún. Mo ń gbà wọ́n ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ń sè é nílé, mo ń dáhùn ìbéèrè wọn, mo ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó dúró tì mí. Bí ọbẹ̀ bá jóná, èmi nìkan ló mọ̀, èmi náà ni mo sì ń jẹ ẹ́. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń le.

Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń ti ìsọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rìnrìn-àjò lọ jẹun ní ìlú mìíràn. Ẹni tó ń sè fún aráyé gbọ́dọ̀ máa jẹ ohun tí ẹlòmíràn sè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ni ẹnu rẹ̀ á mọ̀. Mo máa ń mú ìwé kékeré dání. Mo ń kọ ohun tí mo jẹ, bí iyọ̀ rẹ̀ ti rí, igi tí wọ́n fi dáná, àti bóyá ẹni tó sè é náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀nà kọ́ mi ni pé oúnjẹ dídára kì í sábà wà níbi tí àga ti dára. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ẹja fún mi nínú yàrá tó tutù bíi ti báńkì, ẹja náà sì ti sun oorun ọjọ́ mẹ́ta nínú yìnyín. Ní ọjọ́ kan náà, ìyá kan ní ẹ̀bá ọ̀nà já ewé lára ebiripo, kókò rírin tí a fi ewé dì, tó ṣì ń rú èéfín, mo jókòó lórí táyà àlòkù, mo jẹ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ Adépéjú yàtọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n sè. Ó rin ewùrà náà, ó ń fi ìka mẹ́ta dá a sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dé ìkòkò náà. Kò tún fọwọ́ kàn án. Èmi máa ń tètè rò ó, ẹ̀rù á máa bà mí pé á jóná. Òun mú sùúrù títí tó fi dì fúnra rẹ̀. Ẹja inú rẹ̀ ṣì ní adùn omi.

"Tíṣà, báwo ló ṣe rí?"

"Iyọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́ pọ̀."

"Abọ́ kejì lẹ jẹ tán yẹn o."

"Mo fẹ́ mọ̀ dájú ni."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo tún padà sí Ibiade. Mo sọ fún ara mi pé ọbẹ̀ ni mo wá wò. Ní ìgbà kẹrin, n kò tún parọ́ fún ara mi mọ́. Ìfẹ́ Péjú ti wọ̀ mí lára. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mo sì ń fá irùngbọ̀n ní ìdájí Ajé bí ẹni ń lọ síbi ìdánwò.

Òun náà kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó ti fẹ́ ọkùnrin kan sọ́nà rí, ó sì ti mọ ohun tí kò fẹ́. "Ẹ le jù," ni ó máa ń sọ fún mi, "ṣùgbọ́n ẹ kì í parọ́. Mo lè fara da èkíní nítorí èkejì."

Nígbà míì òun ló máa ń wá sí Àgọ́-Ìwòyè. Ní ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan wí. Ọmọbìnrin náà fi ìdajì ìrẹsì sílẹ̀, ó sì ń dìde lọ.

"Jókòó," ni mo wí. "Ṣé o mọ iye ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí ìrẹsì tó jáde nínú ilẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti yó."

"Nígbà tó o ń ní kí n fi kún un, ta ni ebi ń pa?"

Péjú fà mí wọ inú ilé ìdáná. "Adùn mi, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Bóyá ó ti fẹ́ìlì ìdánwò ni. Bóyá ọkùnrin kan ló já a sílẹ̀. Gbogbo oúnjẹ tó ṣẹ́kù kọ́ ni ìfiṣòfò."

"Kí wá ni?"

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ní ìyẹ̀fun fà mí ní imú. Ì bá ṣe pé mo tún bi í léèrè!

Ọ̀rọ̀ di ti ẹbí. Àǹtí Raheemah, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé aládùúrà ni Péjú, ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

"Aláṣọ funfun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ṣé á jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sí ilé kéú?"

"A ti sọ ọ́. Wọ́n á mọ méjèèjì."

"Kí Allāhu ṣe é ní rere. Ṣùgbọ́n lọ bá ìyá rẹ̀ fúnra rẹ kí èmi tó kó àwọn ẹbí dìde. Ọwọ́ ìyá yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà."

Òótọ́ ni. Bàbá Péjú ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ni ó jẹ́ fún ìyá rẹ̀. Efire ni ìyá náà ń gbé, ó ń yan ẹja. Péjú ti sọ ọ́ fún mi láì fi bò: bí Màmá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí Màmá bá ní rárá, òun kò ní í lọ sílé ọkọ lórí omijé wọn.

Mo wá ìdáhùn sílẹ̀ lórí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ wọ́n sínú ìwé kékeré mi, mo há wọn sórí bí mo ṣe máa ń há ẹ̀kọ́. Ohun kan ṣoṣo tí Péjú sọ fún mi ni, "Màmá á sè fún yín. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa o."

Oṣù kẹfà ni mo lọ. Ìyá náà kéré, ojú Péjú ló wà lójú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n bi mí nípa ọ̀nà, wọ́n bi mí nípa àlàáfíà ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ tó tóbi jù nínú ilé wá: ẹ̀bà, àti ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún tí orí ẹja náà yọ sí òkè. Màmá àti Péjú jáde, wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ.

Mo ti jẹun káàkiri. N kò jẹ irú ọbẹ̀ yẹn rí. Ata, iyọ̀, epo díẹ̀, ewé kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹni tó sè é kò fi ohunkóhun bo ẹja náà mọ́lẹ̀. Mo jẹ ẹran ara rẹ̀, mo fa orí rẹ̀, mo ṣa egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi òkèlè ìkẹyìn nu abọ́ náà títí àwòrán òdòdó ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi hàn.

Lójú mi, kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ. Ìyìn tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún mẹ́wàá ni mo gbé fún ìyá náà.

Mo gbé abọ́ náà jáde fúnra mi. Àwọn méjèèjì jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọ́n ti fọ ọwọ́, kò sí nǹkan kan níwájú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na abọ́ náà sí Màmá.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ wò ó, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀."

Wọ́n wo inú abọ́. "Ó ti tán," ni wọ́n rọra wí. "Kú ìjẹun, ọmọ mi."

Wọ́n ṣan án, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọn kò bi mí ní ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí, wọn kò bi mí ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Péjú ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ìyàwó ni. Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ wọ mọ́tò ní Abigi, mo ń kọrin.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ní Ibiade, Péjú kò jẹ́ kí n jókòó.

"Kí lẹ ṣe fún mi yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Nílé wa, ní ọjọ́ tí ọkọ ọmọ bá kọ́kọ́ wá, ìyá ìyàwó kì í jẹun títí á fi jẹ tirẹ̀. Ìyókù inú abọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ. Tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí, wọ́n ti gba ọkùnrin náà lọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá màmá mi ṣe fún bàbá mi. Látàárọ̀ ni Màmá kò ti fẹnu kan nǹkan."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kí ni kí n sọ? Ta ni kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù nílé àna? N ò mọ̀ pé wọ́n tún máa ń kọ́ àgbàlagbà ní ìyẹn!"

"Kí ni Màmá wí?"

"Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ọkùnrin tó jẹun tí kò wẹ̀yìn wò, ọjọ́ tí nǹkan bá le, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa wà." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe é tún ṣe, olólùfẹ́ mi. Mo mọ ìyá mi. Ẹ wá, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á tún sè, yóò sì parí."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ń kọ ìtàn yìí nítorí rẹ̀.

"Kí n bẹ̀bẹ̀ pé mo jẹun tán?" ni mo wí. "Oúnjẹ tí wọ́n bù fún mi ni mo jẹ. N kò jí i. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀, wọn ì bá bu tiwọn sọ́tọ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń bá ìfiṣòfò jà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo wá máa pè é?"

Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. "Tíṣà, ṣé ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn?"

"Ohun tí mo máa sọ nìyẹn."

Mo rò pé ìyá náà ni yóò rọ̀. Ní oṣù keje, Péjú pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣé ẹ máa wá ní Ajé yìí?" Mo ní rárá. Ní oṣù kẹjọ, ó pè. Ní oṣù kẹsàn-án, ó ní, "Wọ́n bi mí léèrè yín lánàá. Wọ́n ní, 'Olóúnjẹ yẹn ńkọ́?' Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá." Mo ní tí wọ́n bá ń bi mí léèrè, wọ́n mọ ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè. Láti oṣù kọkànlá, kò béèrè mọ́.

Mo ṣì ń rìnrìn-àjò lọ jẹun ní ìlú mìíràn, nítorí iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré mi ti oṣù wọ̀nyẹn kò ní láárí. "Ó dára." "Ó tó." "Ata." Mo ń jókòó síwájú oúnjẹ àwọn tí n kò mọ̀ rí, mò ń jẹ ẹ́ tán, bí ẹ bá sì bi mí lẹ́yìn wákàtí kan, n kò lè sọ ohun tí mo jẹ.

Ìparí ọdún, mo lọ kí Àǹtí Raheemah. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn kò gbójú sókè.

"Nọ́fíù, nígbà tí bàbá wa wà láyé, ta ló ń jẹ ìyókù oúnjẹ wọn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni. Ẹran kan, òkèlè mẹ́ta mẹ́rin, lójoojúmọ́. Ṣé o rò pé bàbá wa ti yó ni?"

Mo rí bàbá mi, agbẹ̀, tí wọ́n ti oko dé, tí wọ́n ń ti abọ́ sí apá ọ̀dọ̀ mi, tí wọ́n ń mu omi kún un. Mo bú sẹ́kún níwájú ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọdé. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún.

"Lọ bẹ obìnrin náà," ni wọ́n wí. "Má dúró."

Mo dúró. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ parí ìdánwò, ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí n lè lọ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí fóònù mi fi dún. Péjú ni.

"Màmá ṣubú," ni ó wí. "Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn ti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé nǹkan mì. Gbogbo ohun tí mo bá fún wọn ló ń há wọn lọ́fun. N kò mọ ẹlòmíràn tó mọ̀ nípa oúnjẹ. N kò pè yín fún nǹkan mìíràn o."

Mo ti ìsọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé. Apá ọ̀tún wọn kò gbé mọ́, ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ ní oṣù kẹfà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. N kò mọ̀. Nígbà tí mo sì mọ̀, n kò wá."

Wọ́n mi orí. "Hẹ̀n," ni wọ́n wí.

Ayọ̀ kún inú mi. Mo yíjú sí Péjú. "Wọ́n ti gbà."

"Ẹ bi wọ́n bóyá òjò ń rọ̀," ni ó wí.

Oòrùn ń ràn lóde. "Màmá, ṣé òjò ń rọ̀?"

Wọ́n mi orí. "Hẹ̀n."

"Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń ṣe 'bẹ́ẹ̀ ni' sí," ni Péjú wí. "Dókítà ní kò dájú pé ọ̀rọ̀ wọn máa padà."

Mo wọ ilé ìdáná. Ẹ̀kọ́ kọkànlá nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi ni oúnjẹ aláìsàn. N kò lò ó rí láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Báyìí mo rántí gbogbo rẹ̀. Omi lásán ló ń há wọn, nítorí ó ń sáré gba ọ̀nà èémí lọ. Mo fi ògì díẹ̀ mú omi ọbẹ̀ ki, kó lè rọra sọ̀. Mo se ẹja, mo yọ gbogbo egungun rẹ̀, mo fi ọwọ́ wá èyí tí ojú kò rí, mo gún un, mo sẹ́ ẹ. Mo gbé Màmá jókòó ṣánṣán, mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Ìdajì ṣíbí kékeré. Mo dúró. Mo wo ọ̀fun wọn títí ó fi lọ. Ìdajì ṣíbí mìíràn.

Wọn kò wúkọ́. Péjú sunkún lẹ́yìn mi, kò sì nu ojú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Mò ń sùn sí ilé Ṣàkírù, apẹja kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn, mò ń wá lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Àwọn aládùúgbò ń yọjú. "Ọkùnrin ló ń sè yìí?" ni ìyá kan wí. "Péjú, so ó mọ́lẹ̀ o, kó má sá lọ." Péjú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà láti inú ilé ìdáná, mo sì ń gbé ìrètí kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá jẹ ìdajì abọ́, wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì tó ṣì dára ti abọ́ náà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan orúnkún mi.

Mo ké jáde. "Péjú! Wá wò ó! Wọ́n ṣẹ́ ẹ kù fún mi. Ṣé o rí i? Wọ́n ṣẹ́ ẹ kù fún mi!"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lánàá, adìyẹ ni wọ́n tì í sí."

N kò lè gbé ojú sókè. Síbẹ̀, mo jẹ ìyókù náà, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi í ṣe. Ó ti tutù.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, a jókòó lórí àpótí méjì lẹ́yìn ilé.

"Péjú mi, fẹ́ mi," ni mo wí. "N óò kó ìsọ̀ mi wá sí Abigi. N óò máa sè fún Màmá títí ọjọ́ ayé wọn. N kò ní í gbé ọ kúrò lọ́dọ̀ wọn."

"Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é."

"Ṣé o kò fẹ́ràn mi mọ́?"

"Ẹ má bi mí ní ìyẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n." Ó ń fa òwú kan yọ létí ìró rẹ̀. "Màmá ní rárá. Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Tí mo bá bi wọ́n báyìí bóyá kí n fẹ́ yín, wọ́n á mi orí. Tí mo bá bi wọ́n bóyá kí n má fẹ́ yín, wọ́n á mi orí. Èwo ni kí n mú?"

"Wọ́n ń bi ọ́ léèrè mi ní oṣù kẹsàn-án. Ìwọ lo sọ ọ́. Wọ́n ti rọ̀."

"Wọ́n ti rọ̀. Ẹ̀yin lẹ kò wá." Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo. "Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn kọ́, Tíṣà. Abọ́ yẹn, àṣìṣe ni, èmi náà jẹ̀bi nínú rẹ̀. Oṣù méje yẹn ni. Mo bẹ̀ yín, mo tún bẹ̀ yín. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ẹ sì ṣahun rẹ̀ sí obìnrin tó lè dáhùn. Tí mo bá fẹ́ yín, lójoojúmọ́ tí mo bá ń fi ṣíbí sẹ́nu wọn, n óò máa wo ojú wọn bóyá inú ń bí wọn. N ò ní í mọ̀ láéláé. N ò lè gbé inú ìyẹn. Bí mo bá fi ipá gbé e, n óò kórìíra yín, n kò sì fẹ́ kórìíra yín."

Mo mú òwú tó fà yọ nílẹ̀, mo ń lọ́ ọ mọ́ ìka.

"Ẹ kọ́ mi ní ti alẹ́ kí ẹ tó máa lọ," ni ó wí, "kí n má ṣe é ṣì."

Mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, mo káwọ́ gbera. Òun ló sè é. Ó sẹ́ ẹja náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó da ògì sí i, ó ń rò ó, ó gbé ṣíbí sókè, ó wò ó bó ṣe ń sọ̀. Ó gbé Màmá jókòó, ó ti ìrọ̀rí sẹ́yìn wọn. Ìdajì ṣíbí. Ó dúró, ó wo ọ̀fun wọn. Ó ṣe é títí abọ́ fi lọ sí ìdajì, wọn kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó kù síbì kan?" ni ó bi mí.

"Kò kù síbì kankan."

Mo fọ ìkòkò, mo fọ asẹ́, mo nu orí sítóòfù, mo gbá ilẹ̀. Mo fi àwọn ọ̀bẹ sí àyè wọn. Mo kọ oúnjẹ ọjọ́ méje sílẹ̀ fún un, ní kíkọ ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Péjú sìn mí dé ojú títì, ó ní kí n kí Àǹtí Raheemah. Mo ní wọn á gbọ́. Ó padà sílé kí ọ̀kadà tó ṣáná, nítorí kò sẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ Màmá.

Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo gbé àpò mi lé itan. Ọlọ́kadà bi mí bóyá à ń dúró de ẹnì kan.

Mo ní rárá, kó máa lọ.